Fọ́tò Adìyẹ Ojú Ọ̀run

Ọmọ ọmọ mi kan tí ń gbé ní Àbújá fẹ́ràn láti máa ya ìràwọ̀ ní fọ́tò. Kì í ṣe òṣùpá tí gbogbo ayé ń rí ni mò ń wí o. Àwọn ìràwọ̀ tí ó kó ara wọn jọ sí ọ̀nà jíjìn, àti àwọn nǹkan kan bí èéfín tí ó ní ó wà láàárín wọn, ni ó ń wá kiri. Bí ó bá pè mí lórí fóònù, ẹjọ́ kan náà ni ó máa ń rò fún mi: iná ìlú pọ̀ jù. Ó ní iná títì àti iná ilé ìtajà ti sọ ojú ọ̀run Àbújá di funfun bí omi ògì, pé àwòrán kan ṣoṣo, òun á yà á léraléra títí yóò fi sú òun kí ìràwọ̀ tó yọjú nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ó rò pé ìyọnu ayé òde òní ni. Èmi a máa rẹ́rìn-ín, n ó sì ní kí ó rọra. Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀ ni bàbá tèmi ti bá ìyọnu yìí wọ̀yá ìjà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Kàbà, lọ́dún tí ojú Ìyé, ìyá rẹ̀, ń kú lọ. Kámẹ́rà onígi ni ó fi jà, pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú kan. Ọdún yẹn ni ọkàn mi ń padà sí bí ọmọ yìí bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀.

Etí títì mọ́tò ni ilé wa wà, níbi tí àwọn lọ́rì tó ń ti Ìlọrin bọ̀ ti máa ń tẹ bíréèkì kí wọ́n tó wọ gáréèjì. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Bàbá. Ó ta aṣọ kan sára ògiri tí wọ́n ya òdòdó àti àtẹ̀gùn sí, iwájú aṣọ yẹn sì ni ọkọ àti ìyàwó tuntun, àwọn tíṣà, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́, ti máa ń dúró gbagidi bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ayé wa gan-an wà. Igi ọ̀sàn kan wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, òfì Ìyé sì dúró ti ògiri bí ilẹ̀kùn tí kò ní ilé. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀, ìpè àdúrà láti ilé Bàbá Sálíù ní òdì kejì títì ló máa ń kọ́kọ́ jí wa, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ìró apasa Ìyé á bẹ̀rẹ̀, pátákó gbọọrọ tí ó fi ń gbá òwú mọ́ra: gbì, gbì, gbì. Ìró yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ayé ṣì wà níbi tí mo fi í sí lánàá. Ní ìrọ̀lẹ́, odó iyán á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ apasa. Ìyé a máa ní ọmọ tí kò bá dá ìró odó ilé rẹ̀ mọ̀, ilé onílé ni yóò ti máa jẹun.

Ìyá ni à ń pè ní Ìyé lọ́dọ̀ wa. Òun ló bí bàbá mi, ṣùgbọ́n gbogbo agbo-ilé ló ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn tó ju bàbá mi lọ. Èdè Owé ni ó ń sọ, èdè Kàbà pọ́ńbélé, tí kò bomi là; mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí ní Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, kí àlejò má baà sọnù lójú ọ̀nà. Obìnrin kúkúrú ni, tí ọwọ́ rẹ̀ le bí ti àgbẹ̀. Kì í bínú kíákíá, bí ó bá sì bínú, kì í pariwo. Yóò kàn dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà á wá wúwo lórí gbogbo wa títí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ yóò fi wá kúnlẹ̀. Èmi ni ó ń bá rìn. Dúpẹ́ ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Àbèní ni ó ń pè mí, oríkì tí òun fúnra rẹ̀ fún mi.

Màmá mi ni ó ń tún fọ́tò ṣe, ẹ sì ní láti mọ iṣẹ́ yẹn kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín. Orí gíláàsì ni kámẹ́rà Bàbá ń ya nǹkan sí, gíláàsì pẹlẹbẹ kan báyìí. Lórí gíláàsì yẹn, ohun funfun á dúdú, ohun dúdú á funfun. Bàbá á wá gbé gíláàsì lé pépà fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀, á jẹ́ kí iná kàn án díẹ̀, pépà náà á sì dá ohun gbogbo padà sí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí eruku bíńtín bá bà lé gíláàsì, ààmì funfun ni yóò dà lórí pépà, eruku ọyẹ́ Kàbà kì í sì í ṣe bíńtín. Ta ló fẹ́ rí ààmì funfun lójú ara rẹ̀? Wọn á ní fọ́tò ti sọ àwọn di ẹni tí ìgbóná ṣe. Nítorí náà, Màmá a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, níbi tí oòrùn ti dára, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí kò ju irun ìpéǹpéjú díẹ̀ lọ àti yíǹkì dúdú tí ó ti fi omi là. Yóò máa tọ́ àwọn ààmì náà pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn ń ti Ìsánlú àti Amuro wá nítorí ọwọ́ rẹ̀. "Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ mi kọjá, ojú ẹ̀ ti mọ́," ni ó máa ń wí, òótọ́ sì ni.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni apasa Ìyé dákẹ́. Kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣi òwú mú, á tú u, á tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ó ń gbé ojú sún mọ́ aṣọ títí imú rẹ̀ fi ń kan òwú. Nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i níbẹ̀. Ohun tó bá wà nítòsí gan-an, nínú oòrùn, ó ṣì ń rí i. Ohun tó bá ti jìnnà ju apá lọ ti di kùrukùru. Ní ọjọ́ kan, ó ká òwú tó kù, ó fún Màmá, ó ní, "Ọwọ́ mi ti hun tirẹ̀." Kò sunkún. Aṣọ tí ó hun kẹ́yìn kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ ni aṣọ ìsìnkú ara rẹ̀, aṣọ aró tó nípọn, tó dúdú dẹ́dẹ́. Ó ti ká a sínú àpótí pẹ̀lú káfúrà. Àwọn obìnrin ìgbà tirẹ̀, àwọn tó mọ òfì, kì í fi aṣọ yẹn sílẹ̀ fún ọmọ láti máa rà kiri ọjà.

Ohun kan ṣoṣo ni kò gbà kí ojú gbà lọ́wọ́ òun. Nígbà ọyẹ́, bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, yóò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí abẹ́ òfuurufú, yóò gbé ojú sókè. "Àbèní, Adìyẹ ti yọ bí?" Adìyẹ tòun tọmọ ni ó ń béèrè, ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tó fún mọ́ra wọn bí òròmọdìẹ lábẹ́ ìyá. Àwọn Hausa gáréèjì náà ń pè é bẹ́ẹ̀ ní èdè tiwọn. Èmi á wò, n ó ní, "Ó ti yọ, Ìyé. Ó wà lókè igi ọ̀sàn." "Ṣé àwọn ọmọ wà níbẹ̀?" Ní ọjọ́ kan, mo fẹ́ fi ìwé tí mo ń kà ṣe fáàrí, mo nàka sókè, mo bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀kan, èjì..." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu. Àtẹ́lẹwọ́ náà gbóná, òórùn aró wà lára rẹ̀. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni ó wí. "Ṣé wọ́n wà níbẹ̀ ni mo bi ọ́."

Màmá ló wá là mí lọ́yẹ̀ nígbà tí a ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní kì í ṣe Bàbá nìkan ni Ìyé bí. Àwọn mìíràn wá, wọn kò dúró. Mo béèrè bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, ó wò mí, mo sì rántí àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Ó ní láyé ìgbà náà, bí ọmọ kékeré bá kú, àwọn àgbà ni ó máa ń gbà á lápá ìyá rẹ̀, wọn á lọ sin ín, a kì í sì í fi ojú oórì ọmọ han òbí láéláé. Ìyá kò gbọdọ̀ béèrè. Òkú ọmọ ń kọjá lọ́wọ́ Ìyé, ẹnu ọ̀nà ló ń gbà jáde, kò sì mọ ibi tí ilẹ̀ ti gbé e mì. Lẹ́yìn èyí tó dùn ún jù, nígbà tí kò jẹun mọ́, ìyá tirẹ̀ fà á jáde ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó nàka sí Adìyẹ lókè. Ó ní, "Má wo ilẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ yẹn ni kí o máa wò." Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni ó ń wò. Mo ti di ìyá àgbà fúnra mi báyìí, mo ti sin ènìyàn, mo mọ oórì tí mò ń lọ ro koríko rẹ̀. Ìyé kò ní irú rẹ̀. Òkè ni ó ní, òkè sì ń tì mọ́ ọn lójú.

Ní alẹ́ kan, a jókòó ti iyán, Ìyé ṣàdédé sọ pé, "Onífọ́tò." Bí ó ṣe ń pe ọmọ rẹ̀ nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ iṣẹ́. "Ṣé kámẹ́rà rẹ lè rí òkè?" Bàbá dá òkèlè dúró. Ó ní, "Ìyé, mi ò dán an wò rí." Ìyá rẹ̀ ní, "Bí ó bá lè mú Adìyẹ wá sórí pépà, mo lè gbé e sún mọ́ imú. Ojú yìí kò ní pẹ́ tì. Mo fẹ́ rí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i." Ohùn kan náà tí ó fi ń ní kí a bá òun fa omi ni ó fi sọ ọ́. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Mo gbọ́, Ìyé," ó sì fi òkèlè náà sílẹ̀ sínú abọ́. Kò sí ẹni tó jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí iyán ṣe funfun tó.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán, ó da odó dé sẹ́yìnkùlé, ó gbé kámẹ́rà lé ìdí odó, ó fi aṣọ ká a títí ojú rẹ̀ fi wo òkè. A pa gbogbo fìtílà ilé. Bí ó ṣe fẹ́ ṣí kámẹ́rà nìyí, ìmọ́lẹ̀ tú wọ inú àgbàlá bí ọ̀sán gangan. Bàbá Sálíù ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀, onísọ̀ òdì kejì títì, ó gbé iná gáàsì rẹ̀ lọ́wọ́. "Onífọ́tò, okun o! Wọ́n ní fọ́tò lò ń yà. Ta ní í ya fọ́tò nínú òkùnkùn? Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ kò sí nílé ni? Gba iná!" Bàbá káwọ́ lérí. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún Bàbá Sálíù, ojú tì í, ó gbé iná rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé e padà náà ni a tó rí i pé iná ọ̀hún kò lọ síbì kankan. Láti ìsọ̀ rẹ̀, ó ń yọ lókè ọgbà wa, eruku ọyẹ́ sì gbà á, ó tẹ́ ẹ ká gbogbo ojú ọ̀run. Lọ́nà òkè, àwọn ọdẹ ń sun ìgbẹ́, ibẹ̀ pọ́n bí ojú ààrò. Gíláàsì tí Bàbá fọ̀ lálẹ́ yẹn, eérú lásán ni. Kò sí ìràwọ̀ kan níbẹ̀.

Ó gbìyànjú, ó gbìyànjú. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, Àdúrà Olúwa ni ó fi ń mọ bí kámẹ́rà ṣe pẹ́ ní ṣíṣí tó: á ṣí i, á ka "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run" dé "Àmín," á pa á dé. Bí ó bá kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìmọ́lẹ̀ á bo gbogbo rẹ̀, ìràwọ̀ tó bá sì yọ á di ìlà, bí ibi tí èékánná ha. "Dúpẹ́, ìràwọ̀ ń rìn," ni ó sọ fún mi, ó sì yà á lẹ́nu bí ọmọdé. Bí ó bá sì dá àdúrà náà dúró ní ìdajì, wọn kò ní í yọ. Ó lọ bá Bàbá Sálíù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun pa gáàsì fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀. Bàbá Sálíù fa irùngbọ̀n. "Tò. Ìwọ náà mọ kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi. Iná yìí ni àwọn awakọ̀ fi ń mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tó kọjá tí mo ṣàìsàn, tí n kò tàn án, ṣé o rántí ẹni tó kán lẹ́sẹ̀? Bí mo bá pa á, tí lọ́rì já síbẹ̀, kí ni n ó wí fún Ọlọ́run?" Bàbá padà sílé. Nígbà tó délé, ó sọ fún Màmá pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Ìyé gbọ́. Kò sí ohun tí etí rẹ̀ kì í gbọ́ lásìkò náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí n gbé àpótí òun jáde, ó ṣí i, òórùn káfúrà gba yàrá kan. Ó fa aṣọ aró yẹn yọ, ó nà án sí Màmá. "Ẹ fi dí ojú iná náà." Màmá kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyé. Aṣọ tí ẹ máa fi sùn nìyí. A kì í ta á sójú afẹ́fẹ́." Ìyé ní, "Ta ló hun ún?" Màmá ní, "Ẹ̀yin ni." "Bí mo bá kú lónìí, ẹ ó ká a kúrò lórí okùn, ẹ ó fi wé mi. Bí n kò bá kú, kí ló ń ṣe nínú àpótí?" Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ògiri. Mo rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rín ni.

Òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan rọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, òjò tí ń wọlé láàárín ọyẹ́ bí ẹni tó ṣìnà. Ó pa iná ìgbẹ́, ó fọ eruku kúrò lójú ọ̀run. Ní ìrọ̀lẹ́ tó tẹ̀lé e, a so okùn láti igi ọ̀sàn dé ilé ìdáná, a ta aṣọ ìsìnkú Ìyé sí i, a fi ẹní dí ibi tó kù. Aṣọ yẹn gbórín débi pé ìmọ́lẹ̀ gáàsì kàn án, kò sì kọjá. Bàbá Sálíù fúnra rẹ̀ ti fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó wá di etí aṣọ mú kí afẹ́fẹ́ má ṣí i. Òkùnkùn ṣú sínú àgbàlá wa bí mi ò ṣe rí i rí. Bàbá ṣí kámẹ́rà. "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run." Màmá gbè é, èmi náà gbè é, a rọra kà á. Bàbá Sálíù kò ka tiwa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró tẹ̀súbà rẹ̀ tó ń yí létí aṣọ. Ìyé jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà. "Àmín," Bàbá pa kámẹ́rà dé. Nínú yàrá òkùnkùn, lábẹ́ fìtílà pupa, ó gbé gíláàsì náà sókè kí n wò ó. Ààmì dúdú tótòtó kún un, nítòsí ara wọn. Wọ́n pọ̀ ju èyí tí ojú ọmọdé mi rí lókè lọ. Bàbá ní, "Wọ́n wọlé."

Pépà fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nílé. Fọ́tò àwọn ọmọ ilé ìwé ti jẹ ìyókù tán. Ó tẹ fọ́tò náà sórí rẹ̀, ó sá a sórí okùn kí ó gbẹ, ó sì jáde ní ìdájí lọ sí Ìsánlú, níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ fún ìgbéyàwó. Kò jí Màmá. Màmá jí, ó rí fọ́tò Adìyẹ lórí okùn, ó dú kirikiri, ìràwọ̀ ńláńlá tàn sáàárín rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó sì rí i pé ààmì funfun wẹ́wẹ́ kún gbogbo ara rẹ̀. Ó ní, "Ọyẹ́ yìí mà le o." Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i tí mò ń lọ sí ilé ìwé. Ó ń kọrin. Mi ò rí i kí ó fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sí fọ́tò kankan rí, kódà ti Bíṣọ́ọ̀bù tó kọjá níbẹ̀. Ó tọ́ wọn pa, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí òkè fi mọ́ tónítóní.

Ìgbà tí Bàbá dé ni wọ́n gbé fọ́tò náà fún Ìyé. Wọ́n gbé e jókòó sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó gbé pépà náà kan imú, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó pẹ́. A dúró yí i ká. "Mo rí àwọn ńlá," ni ó wí níkẹyìn. Ó tún wò. "Àwọn kékeré dà?" Màmá ní, "Àwọn kékeré wo, Ìyé?" Bàbá gba fọ́tò náà, ó wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì wo búrọ́ọ̀ṣì tó wà lórí fèrèsé. Ojú Màmá rìn tẹ̀lé ojú rẹ̀. Mi ò tíì rí ojú ènìyàn tó ṣófo lójijì báyẹn. Ó ní, "Mo rò pé eruku ni." Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Ìyé. "Mo fọwọ́ ara mi pa wọ́n. Mo rò pé eruku ni." Yíǹkì tó bá ti wọ pépà kì í jáde mọ́. Ìyé fọwọ́ wá orí rẹ̀, ó rí i, ó gbé ọwọ́ lé e. Kò wí nǹkan kan, ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò sì wúwo bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dunni jù ú lọ.

Gíláàsì ṣì wà. Pépà ni kò sí. Bàbá ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Lójoojúmọ́ tí lọ́rì bá tẹ bíréèkì, Màmá á sáré dé etí títì, á padà wá lọ́wọ́ òfo. Ojú Ìyé kò dúró de lọ́rì. Láàárọ̀, á fa òwú kan gbé sún mọ́ ojú, á dán ara rẹ̀ wò; á ní, "Ó ṣì wà," a ó mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ó ń lọ." Adìyẹ náà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ìwọ̀ oòrùn, ó fẹ́ wọ̀, kò sì sí bí a ṣe lè tún un yà lọ́dún yẹn. Màmá kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì ní gbogbo àkókò náà. Bí oníbàárà bá ráhùn pé ààmì wà lójú òun, á ní kí ó máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí pépà dé, Bàbá kò dúró jẹun. Ó tẹ fọ́tò náà, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó gbẹ tán. Ìyé gbà á nínú oòrùn, ó gbé e sún mọ́ ojú títí omi ara rẹ̀ fi kan imú rẹ̀. Kò mì. Omi ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹni tí kò sunkún nígbà tí apasa dákẹ́. "Wọ́n pọ̀ o," ni ó wí. "Háà, wọ́n pọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀." Mo ti bi ara mi láti ìgbà náà bóyá ó rí wọn lóòótọ́, tàbí ìfẹ́ wa ni ó rí. N kò mọ̀. Màmá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á. Olóòótọ́ obìnrin ni, kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyé, eruku wà nínú wọn pẹ̀lú. Mi ò lè purọ́ fún yín. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ọmọ, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ eruku." Ìyé gbé fọ́tò náà lé àyà. "Àwọn tí wọ́n gbà lápá mi, ìyàwó mi, kí ni wọ́n báyìí bí kì í bá ṣe eruku? Má fọwọ́ kan ìkankan. Fi gbogbo wọn sílẹ̀ fún mi."

Kí òjò ọdún yẹn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ojú rẹ̀ ti tì pátápátá. Kò béèrè Adìyẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Bí alẹ́ bá lẹ́, á mú fọ́tò náà lábẹ́ ìrọ̀rí, á máa fi ìka fẹ̀sọ̀ pa á, bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ. Nígbà tí ó kú, mo ti di ọ̀dọ́mọbìnrin. Aṣọ aró yẹn ni wọ́n fi wé e, Bàbá Sálíù sì bá wọn gbé e. Fọ́tò wà lọ́wọ́ Màmá títí òun náà fi lọ, ó sì wà lọ́wọ́ mi di òní, ó ti pọ́n létí.

Ọmọ ọmọ mi tí mo sọ wá kí mi láìpẹ́ yìí. Mo fi hàn án, mo sì sọ bí a ṣe yà á fún un. Ó pariwo, ó fi fóònù yà á, ó fà á tóbi, ó sì ń ṣàlàyé fún mi tayọ̀tayọ̀. Ó ní àwọn nǹkan bí èéfín tí òun ń wá kiri, ó wà lára Adìyẹ gan-an, eruku sì ni, eruku òkè ọ̀run. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá àgbà, ẹ wò ó! Ìràwọ̀ rìn díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka àdúrà yẹn. Gbogbo èyí tó jẹ́ ìràwọ̀ ló gùn bí ìrẹsì, apá kan náà ni wọ́n sì kọrí sí. Eruku kò rí bẹ́ẹ̀. Mo lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín. Mo lè yọ eruku kúrò, kí n sì sọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀ gan-an." Ó nàka sí fóònù náà, ó bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀kan, èjì..."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, ó wo ojú mi. Mo gba fọ́tò Ìyé lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a padà sí abẹ́ ìrọ̀rí mi.